ECOWAS: Owó Wa Ń Débẹ̀, Ìbò Wa Dà?

Ẹni tó bá ra ọ̀kadà tuntun l'Àjàgbà, ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, ti dáwó fún ECOWAS, àjọ ọrọ̀ ajé àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ì báà mọ̀, ì báà má mọ̀. Ọjà tó bá ti ìta àjọ náà wọlé, yálà láti Ṣáínà ni o tàbí Íńdíà, ìdá ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún (0.5%) iye rẹ̀ ni wọ́n ń gbà ní ibodè fún ECOWAS. Oníbàárà ló ń san án kẹ́yìn. Síbẹ̀, kò sí ará Àjàgbà, kò sí ará Àkúrẹ́ pàápàá, tó tíì dìbò yan aṣojú ECOWAS rí.

Èkó ni wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn àjọ náà, ní ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún ọdún 1975. Káràkátà ni wọ́n tìtorí rẹ̀ dá a sílẹ̀. Ní 1990, ogun Liberia sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ológun, ECOMOG, ẹgbẹ́ ọmọ ogun àjọ náà, sì dé. Ìwé àdéhùn tí wọ́n tún kọ ní 1993 ló wá fi ìdí ilé aṣòfin àti ilé ẹjọ́ múlẹ̀.

Ilé ẹjọ́ yìí ni mo gbà pé ó tọ́ sí ìyìn jù. Láti 2005, ẹnikẹ́ni lè pe ìjọba tirẹ̀ lẹ́jọ́ níbẹ̀ bí wọ́n bá fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ dù ú. Ní 2008, Hadijatou Mani, ọmọ Niger tí wọ́n tà lẹ́rú láti kékeré, pe ìjọba Niger lẹ́jọ́, ó sì borí. Ní 2022, ilé ẹjọ́ kan náà ní bí ìjọba Nàìjíríà ṣe ti Twitter pa kò bófin mu. Àléébù rẹ̀ ni pé kò ní ọlọ́pàá: ìjọba tó bá wù ú ló ń tẹ̀ lé ìdájọ́ rẹ̀.

Ilé aṣòfin ńkọ́? Ìjókòó 115 ni wọ́n pín kí orílẹ̀-èdè mẹ́ta tó jáde ní 2025, 35 jẹ́ ti Nàìjíríà. Àwọn aṣòfin tó ti wà nílé ni wọ́n ń rán lọ, ìmọ̀ràn ló sì pọ̀ jù nínú iṣẹ́ wọn. Àwọn ààrẹ ló ń pàṣẹ.

Ààrẹ kì í sì í fẹ́ bá ààrẹ wí. Ní 2015, wọ́n dábàá pé kí ààrẹ kankan má ṣe ju sáà méjì lọ. Tógò àti Gambia kọ̀, ọ̀rọ̀ náà sì kú síbẹ̀. Ní 2020, Alpha Condé, ààrẹ Guinea, yí òfin orílẹ̀-èdè rẹ̀ padà kó lè ṣe sáà kẹta. ECOWAS ń wò ó. Ìgbà tí ológun lé e kúrò ní 2021 ni wọ́n tó gbé pàṣán. Ti Niger, níbi tí ológun ti gbàjọba ní 2023, tún le jù: wọ́n ti ibodè, Nàìjíríà já iná mọ̀nàmọ́ná, wọ́n sì ń lérí ogun. Mali, Burkina Faso àti Niger bá kó ẹrù wọn. Ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2025, wọ́n jáde pátápátá. Ẹni tó fi ìbọn gbàjọba ni ECOWAS ń lé, ẹni tó fi gègé gbà á ń bá wọn jókòó.

Àwọn kan ní kí àjọ náà padà sídìí káràkátà nìkan. Ìyẹn kò tó. Ilé aṣòfin ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe: kí ará ìlú dìbò yan àwọn aṣòfin náà, kí owó àti ìjìyà orílẹ̀-èdè má ṣe kọjá láìjẹ́ pé wọ́n fọwọ́ sí i. Kò tilẹ̀ gba àrà tuntun. Ìlànà 1994 tí wọ́n fi dá ilé náà sílẹ̀ ti sọ ọ́ pé ará ìlú ni yóò máa dìbò yan aṣojú. Títí di ìgbà náà, ó ní kí ilé aṣòfin orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan máa rán ènìyàn lọ. Bí olóṣèlú bá wá tọrọ ìbò yín ní 2027, ẹ bi í pé ìgbà wo ni “ìgbà náà”.