Holaspis: Ẹran Afàyàfà Tí Ń Fò Láìní Ìyẹ́

Gbogbo alángbá ni ó da ikùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Òwe yìí bá iṣẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀dá mu, nítorí ìrísí òde nìkan kò tó láti fi mọ ìbátan.

Ní ọdún 1758, Carl Linnaeus, ará Sweden, kó alángbá, ọ̀gà àti ọ̀nì pọ̀ sí agbo kan tí ó pè ní Lacerta. Ṣùgbọ́n ẹ̀dá kan wà ní Éṣíà tí awọ gbòòrò lé egungun ìhà rẹ̀ bí ìyẹ́. Linnaeus fi ìyẹ́ náà yà á sọ́tọ̀, ó sì sọ ọ́ ní Draco volans. Lónìí, ó ti hàn pé inú ìdílé kan náà, Agamidae, ni Draco àti alángbá ara ògiri wà. Ọ̀nì kò sí nínú ẹbí wọn rárá.

Áfíríkà náà ní tirẹ̀. Láti Sierra Leone títí dé Angola, tí Nàìjíríà sì wà láàárín, ni a ti ń rí Holaspis guentheri. John Edward Gray ni ó ṣe àpèjúwe rẹ̀ ní 1863, tí ó sì fi orúkọ Albert Günther sọ ọ́. Ẹ̀dá kékeré ni. Ara rẹ̀ rí pẹlẹbẹ, ìlà dúdú àti ìlà mímọ́ gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá, àwọ̀ aró wà ní ìrù rẹ̀, etí ìrù náà sì dàbí eyín ayùn. Ara igi àti abẹ́ èèpo igi ni ibùgbé rẹ̀.

Kò ní ìyẹ́, síbẹ̀ a máa fi ara ba afẹ́fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Bieke Vanhooydonck àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán an wò, wọ́n sì tẹ àbájáde jáde ní 2009. Láti orí òkè mítà 2, Holaspis balẹ̀ ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 50 síwájú Podarcis muralis ti Yúróòpù. Fífúyẹ́ ara rẹ̀ ni àṣírí náà. Bẹ́ẹ̀ sì ni inú ìdílé kan, Lacertidae, ni àwọn méjèèjì wà. Ẹni tí kì í fò ni ìbátan Holaspis. Draco tí wọ́n jọ ń fò kì í ṣe ará ilé rẹ̀.

Nítorí náà, olùkọ́ tí ó bá pe Holaspis ní "alángbá abìyẹ́" ṣi í pè lẹ́ẹ̀mejì. Àṣìpè yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ní agbègbè Ọ̀tà àti Ìgbẹ́sà, ilé-iṣẹ́ ti gba ipò ọ̀pọ̀ igbó. Alángbá rí ògiri fi rọ́pò igi. Ẹ̀dá abẹ́ èèpo igi kò rí irú àyè bẹ́ẹ̀. Bí a kò bá yà á sọ́tọ̀ sí alángbá, ọjọ́ tí ó bá pòórá, kò sí ẹni tí yóò fura, nítorí alángbá yóò ṣì kún ara ògiri.