Páànù Tó Ń Dún Lọ́sàn-án

Ẹ̀yin ará ilé wa ní Fairwood, nítòsí ìlú Washington ní Amẹ́ríkà, ṣé ẹ ti kíyè sí i pé òrùlé àdúgbò yìí kì í dún? Nílé wa l'Ọ́yọ̀ọ́, bí ìkúukùu bá ṣí kúrò lójú oòrùn, páànù á dún pàó! Bó bá tún bò ó, pàó! Ìyá àgbà á ní ẹ fọkàn balẹ̀, oòrùn ló ń mú páànù fẹ̀, ìtutù ló ń mú un súnkì.

Irú ohùn bẹ́ẹ̀ ni Alexander Graham Bell onítẹlifóònù àti Charles Sumner Tainter, olùrànlọ́wọ́ rẹ̀, gbọ́ lọ́dún 1880, ní Washington tí à ń wakọ̀ lọ ṣiṣẹ́ yìí. Wọ́n lu ihò sí àwo kan, wọ́n ń yí i lójú oòrùn, kí ìmọ́lẹ̀ máa já, kó máa so. Ohun tó bá bà lé á máa kùn. Wọ́n wá rí i pé dúdú èéfín, irú èyí tó ń lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò, ń dún ketekete.

Gáàsì náà ń dún bẹ́ẹ̀. Ẹ pe "Ìyá Bísí!" láàárín ọjà, Ìyá Bísí ni yóò yíjú. Gáàsì kọ̀ọ̀kan ló ní ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀ tó ń jẹ́ ní orúkọ. Mẹ́táànì ló pọ̀ jù nínú gáàsì tí páìpù ń gbé wá sí kíṣìnì wa níhìn-ín (ti inú sílíńdà ilé yàtọ̀ o). Kò ní òórùn. Èyí tí à ń gbọ́ yẹn, wọ́n bù ú sí i ni. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń tan léésà tó bá a mu, tí wọ́n ń pa á, ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, á máa gbóná, á máa tutù, ihò kékeré tí wọ́n fi gáàsì náà sí á sì máa dún bí ìgò tí ọmọdé ń fẹnu fọn. Gbohùngbohùn á gbọ́ ọ.

Kí ló dé tí wọn ò kàn wo bí ìmọ́lẹ̀ ṣe dínkù bó ti ń la gáàsì kọjá? Ta ló lè rí ìṣíbí gaàrí kan tó dín nínú àpò? Ṣùgbọ́n eku kan ṣoṣo tó ń họ àpò náà lóru, gbogbo ilé ló ń gbọ́ ọ. Gáàsì mìíràn wà tí irú ẹ̀rọ oníléésà bẹ́ẹ̀ ń gbọ́ bí kò tilẹ̀ ju ẹ̀kán epo pupa kan nínú tánkà omi 50,000 lítà.

Ní 2002, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Rice ní Texas fi òkúta kúọ́ọ̀tì inú aago ọwọ́ rọ́pò gbohùngbohùn: ó rí bí ẹ̀mú alágbẹ̀dẹ, ó sì ń gbọ̀n ní ìgbà 32,768 láàárín ìṣẹ́jú àáyá. Ẹ̀rọ kan tilẹ̀ wà báyìí tí kò tó hóró ṣúgà onígun kan, tó ń fi ìmọ́lẹ̀ tójú ò rí gbọ́ gáàsì tí à ń mí síta nínú yàrá. Ẹ gbé e sí pálọ̀ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, kí ẹ ti fèrèsé nítorí òtútù. A ò tíì ní gbé ìrẹsì jáde tí iye gáàsì tó ń kà á ti máa gòkè.