Kíkó Ọmọdé Kúrò Lójú Ogun: Òṣùwọ̀n Wo Ni A Fi Ń Mọ̀ Pé Ó Yọrí sí Rere?

Nígbà tí ogun abẹ́lé Nàìjíríà, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Keje ọdún 1967, parí ní oṣù Kínní ọdún 1970, bíi 5,000 ọmọdé láti ilẹ̀ Biafra ni ó wà ní Gabon àti Ivory Coast, tí í ṣe méjì lára àwọn orílẹ̀-èdè díẹ̀ tí ó gba Biafra ní ìjọba olómìnira. Iye yìí ni a sábà máa ń tọ́ka sí bí a bá fẹ́ fi hàn pé kíkó tí wọ́n kó wọn lọ kẹ́sẹ járí, bẹ́ẹ̀ iye ọmọ tí ó wọ ọkọ̀ òfuurufú kò ju ìbẹ̀rẹ̀ ìṣirò lọ.

Ebi ni ó lé ọ̀pọ̀ nínú wọn kúrò nílé, ju bọ́ǹbù lọ. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 1968, tí ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ ti gba Port Harcourt, ọ̀nà òkun ti dí mọ́ Biafra, kwashiorkor sì gbilẹ̀, èyíinì ni àìsàn tí ń mú ọmọ tí kò rí ẹja, ẹyin tàbí ẹ̀wà jẹ, tí ẹsẹ̀ àti ikùn rẹ̀ á wú, tí irun rẹ̀ á sì pọ́n. Ní Uli, níbi tí wọ́n ti sọ títì ọlọ́dà di pápákọ̀ òfuurufú, òru ni ọkọ̀ Caritas, àjọ ìrànwọ́ ìjọ Kátólíìkì, àti ti àwọn ìjọ Ọlọ́run mìíràn ń balẹ̀ pẹ̀lú ẹja gbígbẹ okporoko, iyọ̀ àti mílíìkì, iná tí ó ń tọ́ wọn sọ́nà kì í sì í pẹ́ kí wọ́n tó pa á. Bí wọ́n bá já ẹrù tán, ọkọ̀ ṣófo, àwọn ọmọ tí àìsàn ti wọ̀ lára ni wọ́n sì ń kó padà. Ó yẹ kí a rántí èyí, nítorí pé àyè tí ọmọ kan gbà nínú ọkọ̀ náà kò dín oúnjẹ ẹlòmíràn kù.

Ìṣòro tí ó wà nínú dídájọ́ bóyá kíkó wọn lọ yọrí sí rere ni pé àwọn tí ó lọ àti àwọn tí ó kù sílé kò dọ́gba láti ìbẹ̀rẹ̀, torí pé àwọn tí ara wọn kò yá jù ni wọ́n sábà ń mú. Finland, tí ó kó bíi 70,000 ọmọ lọ sí Sweden nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ni ó fi ọ̀nà àbáyọ hàn: ìwádìí kan tí ó jáde ní ọdún 2015 fi àwọn tí ó lọ wé àwọn ọmọ ìyá wọn tí kò lọ, ó sì rí i pé, lápapọ̀, àìsàn ọpọlọ kò pọ̀ lára wọn ju ti àwọn tí ó dúró lọ, àyàfi àwọn obìnrin, tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn gbé dé ilé ìwòsàn ní ìlọ́po méjì ti àwọn arábìnrin wọn. Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní tirẹ̀ fi hàn pé iye ẹni tí a kó lọ nìkan kò tó láti fi ṣe ìdájọ́. Bíi mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ ènìyàn ni wọ́n kó kúrò ní ìlú ńláńlá láàárín ọjọ́ mẹ́ta ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1939, ṣùgbọ́n nígbà tí oṣù Kínní dé, tí bọ́ǹbù kò tíì rọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì wọn tí ó ti padà sílé.

Ìpadàbọ̀ àwọn ọmọ Biafra ni ẹ̀rí tí ó lágbára jù. Láti oṣù Kọkànlá ọdún 1970 sí oṣù Kejì ọdún 1971, UNHCR, àjọ tí ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn ogúnléndé lágbàáyé, bá wọn ṣètò ìrìnàjò padà sí Nàìjíríà. Ọmọ tí ó lọ ní ọmọ ọdún méjì kò lè dárúkọ abúlé bàbá rẹ̀, nítorí náà ìwé tí wọ́n kọ nípa rẹ̀ lọ́jọ́ tí ó wọkọ̀ ṣe pàtàkì bí oògùn tí wọ́n fún un.

Kíkó ọmọ lọ pẹ̀lú ètò yàtọ̀ sí ìsákúsàá, Èkó sì ti rí ohun tí ìsákúsàá ń fà. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kínní ọdún 2002, nígbà tí àwọn ohun ìjà bẹ̀rẹ̀ sí bú gbàmù ní bárékè Ìkejà, inú kànáàlì Òkè-Àfà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ń sá lọ nínú òkùnkùn kú sí, àwọn ọmọdé pọ̀ nínú wọn, kò sì sí ẹni tí yóò sọ pé sísá wọn yọrí sí rere. 

Tí a bá fi ẹ̀mí tí ó là àti ilé tí ọmọ padà sí wọ̀n ọ́n, kíkó àwọn ọmọ Biafra lọ yege ju bí àwọn alátakò rẹ̀ ìgbà náà ṣe rò lọ. Èyí tí ó kéré jù nínú wọn ti lé ní ẹni ọdún 55 báyìí. Bí irú wọn bá wà láàárín àwọn ọmọ Ìgbò tí ń gbé ní Ajangbádì àti Ìbà ní Èkó, kí àwọn onímọ̀ ìtàn ní LASU, Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, tí ó wà ní Ọ̀jọ́ níbẹ̀, tètè gba ọ̀rọ̀ ẹnu wọn sílẹ̀.