Lẹ́yìn Ojúde Ọba, Ó Di Etí Òkun



Ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba n'Ìjẹ̀bú-Òde. Bí àwọn régbérégbé bá ti jó kọjá tán, tí àwọn ẹlẹ́ṣin sì ti relé, ohun tí àwọn ọmọ máa ń bèèrè ni pé, "Dádì, níbo la tún ń lọ?" Èsì tí ọ̀pọ̀ ilé ń fún wọn báyìí ni etí òkun. Ìjẹ̀bú-Òde kò sí létí òkun, ṣùgbọ́n òkun kò jìnnà sí wa. Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú náà ló bá òkun pààlà ní Ògùn Waterside, tí Abígí jẹ́ olú ìlú rẹ̀. Àmọ́ ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ ni ọ̀pọ̀ wa máa ń gbà. Àwọn kan á yà ra ẹja lọ́jà Olúwo, wọn á sì tẹ̀ síwájú lọ sí Ẹlẹ́kọ ní Ìbẹ́jú-Lẹ́kì. Ìdílé ń lọ, ẹgbẹ́ àsàlátù ń gba bọ́ọ̀sì, àwọn ọmọ ilé-kéwú náà ń lọ.

Èmi fẹ́ràn ìrìn àjò yìí. Ẹni tó ń jókòó sí ṣọ́ọ̀bù láti àárọ̀ dalẹ́ nílò afẹ́fẹ́. Ṣùgbọ́n ilé oògùn ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mo sì mọ àwọn tó máa ń wọlé wá ní ọjọ́ Ajé tó bá tẹ̀lé e.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tí kò ní àtúnṣe. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nǹkan bí ẹgbẹ̀rún lọ́nà 300 ènìyàn ni omi gbẹ̀mí wọn kárí ayé ní 2021, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́rin wọn tó jẹ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5. Òkun tiwa kì í ṣe òkun jẹ́jẹ́. Láti agbami Àtìláńtíìkì ni ìgbì ti ń wá tààrà, ó sì máa ń le sí i lásìkò òjò. Inú oṣù kẹfà ni Iléyá bọ́ sí ní 2023, 2024 àti 2025, ìgbà tí òkun ń ru gan-an nìyẹn.

Omi tí ìgbì gbé wá sí èbúté gbọ́dọ̀ padà. Bó bá ń padà, ó máa ń wá ọ̀nà tóóró kan gbà, ibẹ̀ á sì máa ṣàn lọ sínú agbami bí odò. Ìgbì kì í fi bẹ́ẹ̀ fọ́ lójú ibẹ̀, nítorí náà ó máa ń dà bíi pé ó dákẹ́, ibẹ̀ gan-an sì ni ẹni tí kò mọ̀ á yàn láti wẹ̀. Ẹni tí ìṣàn yìí bá gbé kò gbọdọ̀ bá a jà pé òun fẹ́ wẹ̀ padà sórí ilẹ̀ tààrà. Agbára rẹ̀ ni yóò tán. Kí ó fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí omi, kí ó na ọwọ́ pe ènìyàn. Bí ó bá mọ̀ ọ́n wẹ̀, kí ó wẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́, kí ó máa tọ etí òkun lọ, títí yóò fi bọ́ kúrò nínú ìṣàn náà kí ó tó kọjú sí ilẹ̀.

Ẹni tó wà lókè ńkọ́? Kó má bẹ́ sómi. Bàbá tí kò mọ̀ ọ́n wẹ̀ tó sì bẹ́ tẹ̀lé ọmọ rẹ̀ lè sọ òkú kan di méjì. Kẹ́ẹ̀gì òfìfo tí a dé pinpin, tí a so okùn gígùn mọ́, ni kí a jù sí i. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan, ó sì yẹ kí ó wà nínú gbogbo bọ́ọ̀sì àsàlátù tó bá ń lọ sí etí òkun. Ẹ tún rántí pé ẹni tó ń rì kì í sábà pariwo bíi ti inú fíìmù, nítorí omi ti bo ẹnu rẹ̀. Kí ẹ yan àgbàlagbà kan tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó máa wo àwọn ọmọ lọ, láìmú fóònù dání, kí ẹlòmíràn sì gbà á lẹ́yìn ìdajì wákàtí.

Ọ̀rọ̀ kan wà fún ẹ̀yin ìyá àti àbúrò mi obìnrin. Jàlàbíà gígùn àti híjáàbù ńlá máa ń fa omi mu, wọ́n á wúwo, wọ́n á sì wé mọ́ ẹsẹ̀. Ẹni tó bá wọ irú rẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ kí omi kọjá ọrùn ẹsẹ̀ òun. Aṣọ ìwẹ̀ tó bo gbogbo ara, tí aṣọ rẹ̀ kì í gba omi dúró, wà lọ́jà báyìí. Ẹ wá a fún àwọn ọmọbìnrin tó fẹ́ wọ omi. Ẹ̀yin ọkùnrin, ṣòkòtò tó dé ìsàlẹ̀ orúnkún kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti wẹ̀.

Oúnjẹ ló kàn. Lọ́dún kan, ìyá kan mú ọmọ mẹ́ta wá bá mi. Gbogbo wọn ti bì, wọ́n sì ń yàgbẹ́, ojú àbíkẹ́yìn ti jìn wọnú. Ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù tí wọ́n sè lálẹ́ Sátidé, tí wọ́n dé mọ́ inú kúlà, ni wọ́n jẹ ní agogo mẹ́ta ọ̀sán Sọ́ńdè. Kòkòrò kan wà tí ń bá ìrẹsì wá láti oko, tí sísè kì í pa irúgbìn rẹ̀. Bí ìrẹsì bá wà ní lọ́wọ́ọ́wọ́ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, kòkòrò yìí á pọ̀ sí i, á tu májèlé sínú rẹ̀, gbígbé e kaná lẹ́ẹ̀kejì kò sì ní mú májèlé náà kúrò. Ẹ sè é láàárọ̀ ọjọ́ tí ẹ ń lọ, kí ẹ sì tètè jẹ ẹ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, gààrí Ìjẹ̀bú, ẹ̀pà àti omi tútù kò tíì ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi létí òkun, ó tilẹ̀ dùn níbẹ̀ ju ti ilé lọ.

Oògùn ìgbẹ́ gbuuru ni ìyá náà ní kí n fún òun. ORS àti zinc ni mo fún un. Bí kò bá sí ORS nítòsí, ẹ po ṣíbí tíì ṣúgà mẹ́fà àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀, kí ojú ṣíbí tẹ́, mọ́ lítà omi kan, ìyẹn píọ́wọ́tà oní-50cl méjì. Díẹ̀díẹ̀ ni kí ọmọ máa mu ún. Ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá ni zinc, kódà bí ìgbẹ́ bá ti dúró. Ọmọ tí kò lè mu nǹkan, tí kò tọ̀ mọ́, tàbí tó ń sùn àsùnjù, ilé ìwòsàn ni.

Àwọn àgbà wa tó ń lo oògùn, ẹ má fi í sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Inú ọkọ̀ tí a dé sínú oòrùn máa ń gbóná tó láti ba ínsúlìn jẹ́. Ẹ gbé e sínú kúlà pẹ̀lú píọ́wọ́tà tútù, ṣùgbọ́n ẹ fi aṣọ wé e kí ó má fara kan yìnyín. Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń mú ni tọ̀ gbọ́dọ̀ mu omi dáadáa, kí òòyì má baà gbé e ṣubú. Ẹni tó ń lo doxycycline tàbí ciprofloxacin, kí ó jókòó sábẹ́ ibòji, nítorí oòrùn lè jó awọ rẹ̀ bí iná.

Àwọn ènìyàn máa ń bi mí nípa àlùwàlá. Wọ́n ti bi Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọ̀la Ọlọ́hun máa bá a) ní irú ìbéèrè yìí rí, ó sì dáhùn pé omi òkun mọ́. Ẹ fi ṣe é. Òun náà ló kọ̀ fún wa láti máa ṣe ìgbẹ́ síbi omi, sójú ọ̀nà àti sábẹ́ ibòji. Ilé ìyàgbẹ́ kò pọ̀ létí òkun, nítorí náà ẹ gbé póò ọmọdé, kẹ́tù àti ọṣẹ dání. Ẹ̀yin obìnrin, ẹ má torí àìsí ilé ìyàgbẹ́ dá ìtọ̀ dúró láti àárọ̀ dalẹ́, ó lè fa àrùn ojú ìtọ̀.

Àwọn kan ní kí àwọn kúkú lọ wẹ̀ nínú odò, torí ó dákẹ́ ju òkun lọ. Kòkòrò àtọ̀sí ẹlẹ́jẹ̀ kì í gbé inú omi iyọ̀. Inú omi tí kò níyọ̀ ló wà, lára ìgbín kéékèèké, awọ ara ló sì ń gbà wọlé. Ọdún 1983 ni wọ́n ṣí ìdídò Ọ̀yán ní ìpínlẹ̀ wa yìí, àrùn náà sì gbilẹ̀ láàárín àwọn ọmọ abúlé tó yí i ká. Ọmọ tó bá ń tọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn tó wẹ odò, ẹ má fi àgbo wò ó. Praziquantel ni oògùn rẹ̀, lẹ́yìn àyẹ̀wò ìtọ̀.

Bí wọ́n bá yọ ẹnìkan nínú omi tí kò mí, ẹ má gbé e dorí kodò, ẹ má tẹ ikùn rẹ̀. Ẹ tẹ́ ẹ lẹ́yìn, ẹ gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè, ẹ di imú rẹ̀, kí ẹ fẹ́ èémí sí i lẹ́nu ní ìgbà márùn-ún, lẹ́yìn náà kí ẹ máa tẹ àárín àyà rẹ̀ líle ní ìgbà 30, kí ẹ fẹ́ èémí méjì, kí ẹ tún tẹ̀ ẹ́, láìdúró, bí ẹ ti ń ké sí ẹni tó máa gbé ọkọ̀ wá. Kódà ọmọ tó jí, tó ń sọ̀rọ̀, tó ní kò sí nǹkan, bó bá ń wúkọ́ tàbí tó ń mí kíákíá, ẹ gbé e lọ fún dókítà lọ́jọ́ náà. Jẹ́nẹ́rà Ẹ̀pẹ́ súnmọ́ ibẹ̀ ju Ìjẹ̀bú-Òde lọ. Kí awakọ̀ yín ti mọ ọ̀nà ibẹ̀ kí ẹ tó gbéra nílé.