Orúkọ Tí Ó Ní Ìrù

Bí o bá dé ìdí àtẹ oníṣu lọ́jà Kàbà, tí o ti kí ìyá tí ó ni ín pé "Okun o, ìyá", tẹ́tí sí bí ó ṣe ń ka ọjà rẹ̀. Iṣu kan, iṣu márùn-ún, ogún iṣu, iṣu rẹpẹtẹ. Iṣu kò kúrò ní iṣu. Ọ̀rọ̀ tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ó ń sọ iye. Kódà tí a bá ní "iṣu ńlá ńlá", ńlá ni a pè lẹ́ẹ̀mejì kí ó lè yé ènìyàn pé iṣu náà pọ̀.

Ohun tí ó mú mi ronú sí èyí ni ọmọ àbúrò mi tí ó gbé ìwé rẹ̀ wá bá mi lálẹ́ ọjọ́ kan. Ó ti kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, cirya, ní oríṣiríṣi ọ̀nà kún ojú ewé. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn. Mi ò mọ èyí tí mo máa mú." Quenya ni ó ń kọ́, èdè tí J.R.R. Tolkien, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Oxford, bẹ̀rẹ̀ sí í hun ní nǹkan bí 1915, tí kò sì yé tún un ṣe títí ó fi kú ní 1973. Dídùn tí èdè Finnish dùn mọ́ ọn wà lára ohun tí ó fi mọ ọ́n. Cirya ni ọkọ̀ ojú omi. Nígbà tí ọmọ Amẹ́ríkà kan, Dick Plotz, kọ̀wé sí Tolkien, ọ̀rọ̀ yìí wà lára èyí tí Tolkien fi ṣe àpẹẹrẹ nínú àtẹ tí ó fi ránṣẹ́ padà sí i. Ìdí nìyẹn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ń bẹ̀rẹ̀ láti orí rẹ̀ dòní.

Mo ní kí ó pa ìwé dé ná. Mo ní, "Ní tiwa, orúkọ kì í dá ẹrù rù, àwọn tí ó bá a rìn ni wọ́n ń bá a rù ú. Ní Quenya, ìrù ni ó fi ń ru ẹrù rẹ̀." Nígbà náà ni a wá ṣí i padà. Tí ọkọ̀ bá ju ẹyọ kan lọ, ciryar ni. Alda ni igi, aldar sì ni àwọn igi. Ṣùgbọ́n lassë, ewé, a di lassi. Elen, ìràwọ̀, a di eleni. Orúkọ tí ó bá parí sí ë tàbí kọ́ńsónáǹtì, i ni ó sábà máa ń gbà dípò r.

Ibi tí inú mi ti dùn jù ni ti ohun méjì. Ciryat ni ọkọ̀ méjì, aldu ni igi méjì, bíi Telperion àti Laurelin, igi méjì tí wọ́n ń tan ìmọ́lẹ̀ nínú ìtàn Tolkien kí oòrùn àti òṣùpá tó wà. Àwa tí a ní ọ̀rọ̀ bí ìbejì, tí a sì mọ̀ pé Táíwò àti Kẹ́hìndé kì í ṣe ọmọ méjì lásán, kò yẹ kí èyí ṣòro fún wa.

Ó kù ti ibi tí nǹkan wà. Tí a bá wọkọ̀ ní Lọ́kọ́ja, níbi tí odò Ọya àti Benue ti pàdé, a ó ní a wà nínú ọkọ̀, a wọ inú ọkọ̀, a ti inú ọkọ̀ jáde, a fi ọkọ̀ lọ. Àwọn ọ̀rọ̀ bíi wọ̀, ti, fi ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ yìí fún wa. Quenya kó o sí ìdí orúkọ: ciryassë, ciryanna, ciryallo, ciryanen. Nígbàkígbà tí ó bá fẹ́ dàrú mọ́ ọmọ náà lójú, mo ní kí ó wá "fi" inú gbólóhùn Yorùbá, yóò sì rí -nen.

Ti ẹni tí ó ni nǹkan ni ó gbà wá lákòókò jù. Tí a bá ń sọ̀rọ̀, a máa ń fa ìparí ohun tí a ní díẹ̀: iṣuu Dàda, ilée Dàda. Àwa náà ní ìrù kékeré, ohun tí a ní ni a so ó mọ́. Quenya so tirẹ̀ mọ́ ẹni tí ó ni í, ó sì pín in sí méjì. Tolkien fi ìwo Oromë, ọdẹ ńlá inú ìtàn rẹ̀, ṣàlàyé rẹ̀: róma Oroméva ni ìwo tí Oromë ní lọ́wọ́, róma Oromëo ni ìwo tí ó ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá. Ní Yorùbá, "iṣu Dàda" lè jẹ́ èyí tí Dàda gbìn, ó sì lè jẹ́ èyí tí ó rà.

Ọmọ náà dákẹ́, ó ń wo àwo iwájú rẹ̀. Oko ìyá rẹ̀ àgbà ni iṣu inú rẹ̀ ti wá. Ó ní, "Bàbá, ti Màmá àgbà ni -o. Tèmi ni -va, torí ó ti wà nínú àwo mi." Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun.