Kòkòrò Tí Í Jẹ́rìí Odò: Ẹ̀kọ́ Láti Odò Banco Ní Abidjan

Omi kò lọ́tàá. Ọ̀rọ̀ àgbà ni, kò sì sí ẹni tí yóò jiyàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n omi ní ohun tí í bà á jẹ́, èyí tó mọ́ gaara lójú sì lè jẹ́ májèlé lẹ́nu. Ta ni yóò wá sọ fún wa, nígbà tí odò kò lẹ́nu tí yóò fi ké? Ẹlẹ́rìí kan ń bẹ níbẹ̀ tí kò gba rìbá, tí kò sì mọ irọ́ í pa. Kòkòrò kékeré ni.

Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ní mayfly, Faransé ń pè é ní éphémère. Bó bá bà, ìyẹ́ rẹ̀ a dúró ṣánṣán bíi ti labalábá, ìrù tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tàbí mẹ́ta a sì wà nídìí rẹ̀. Ẹ̀yà rẹ̀ lé ní 3,000 láyé. Ọ̀kan nínú wọn nílẹ̀ Áfíríkà, Povilla adusta, ń gbẹ́ ihò sínú igi tó wà lábẹ́ omi. Ní adágún Victoria, bí òṣùpá bá ti yọ kíkún, yóò tú jáde yaya bí èsúnsún. Àgbàlagbà rẹ̀ kì í jẹun rárá. Yóò gùn, yóò yé ẹyin sómi, yóò sì kú láàárín wákàtí tàbí ọjọ́ díẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ó tó hu ìyẹ́, ó ti lo ọ̀pọ̀ oṣù nísàlẹ̀ odò, tó ń fi ohun tẹ́ẹ́rẹ́ ẹ̀gbẹ́ ikùn rẹ̀ mí. Bí ìgbẹ́, ọṣẹ tàbí ìdọ̀tí bá wọ odò, jíjẹrà wọn a gba afẹ́fẹ́ inú omi tán. Bí ẹrẹ̀ bá pọ̀, a dí ibi tó fi ń mí. Omi inú ìgò tí a gbé lọ yẹ̀ wò ń sọ ti wákàtí tí a bù ú. Kòkòrò yìí ń sọ ti oṣù tó kọjá. Òótọ́ ni pé ara wọn kò rí bákan náà: irú Caenis àti Cloeon lè fara da ìdọ̀tí díẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe iye wọn nìkan là ń kà, iye ẹ̀yà wọn ló ṣe kókó.

Ẹ̀yin ará wa ní Abidjan, ẹ̀yin ọmọ Èjìgbò pàápàá tí ẹ ti fi ibẹ̀ ṣe ilé kejì, ẹ mọ igbó Banco. Láti 1953 ni ìjọba ti sọ ọ́ di ọgbà àìgbọdọ̀dá, ó sì lé ní 3,000 hẹ́kítà láàárín ìlú gan-an. Igbó náà ní í sẹ́ òjò lọ sínú omi abẹ́ ilẹ̀ tí ará Abidjan ń mu. Inú rẹ̀ ni odò Banco ti ń sun, kó tó ṣàn lọ sí ọ̀sà Ébrié. Ẹnu àbájáde igbó ni àwọn alágbàfọ̀ tí wọ́n ń pè ní fanico ti lókìkí, tí wọ́n ń fọ aṣọ lórí òkúta àti táyà. Àwọn olùwádìí ti kó kòkòrò odò náà jọ fún àyẹ̀wò, kódà lápá òkè rẹ̀, nítorí ìlú ti yí igbó ká, ìdọ̀tí ìlú sì ń wá ọ̀nà wọlé.

Ọgbọ́n yìí kò ṣàjèjì sí wa. Ní 1974, nígbà tí àjọ ìlera àgbáyé àti àwọn alábàáṣe rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í da oògùn sódò ní Côte d'Ivoire àti orílẹ̀-èdè mẹ́fà mìíràn, láti pa ìdin kòkòrò tí ń fa ìfọ́jú létí odò, wọ́n ní kí àwọn onímọ̀ máa ka ẹja àti kòkòrò yòókù, kí a má baà pa aláìṣẹ̀ mọ́ ẹlẹ́ṣẹ̀. Wọ́n ń kà á títí iṣẹ́ náà fi parí ní 2002.

Nílé ńkọ́? Ní 2022, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má mu omi odò Ọ̀ṣun, nígbà tí ìwakùsà wúrà ti sọ ọ́ di ẹlẹ́rẹ̀. Ojú lásán ló fi ìyẹn hàn wá. Bí a bá ti ń yẹ ìsàlẹ̀ odò wò lọ́dọọdún, àwọn ẹlẹ́rìí kékeré yìí ì bá ti ké kí omi tó yí àwọ̀ padà.

Ẹ yí òkúta odò àdúgbò yín padà. Bí kòkòrò oníru mẹ́ta náà bá wà níbẹ̀ ní oríṣiríṣi, ẹ dúpẹ́, kí ẹ sì ṣọ́ odò náà. Bí wọ́n bá ti tán níbẹ̀, ẹ bèèrè ohun tó lé wọn, nítorí omi tí kòkòrò kọ̀, ọmọ wa ni yóò mu ún.