Ẹni Tó Ń Ra Àwòrán fún Ìpolówó Ọjà

Bí iléeṣẹ́ ìpolówó ọjà bá nílò àwòrán ibi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé ní Ìkògòsì, òṣìṣẹ́ kan wà tí ojúṣe rẹ̀ jẹ́ láti wá ayàwòrán, kí ó sì bá a dúnàádúrà. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ iṣẹ́ ọnà, ìṣirò owó àti òfin. Ẹ̀tọ́ láti lo àwòrán ni ó ń rà: níbo ni wọn yóò ti lò ó, fún ọdún mélòó? Òfin Nàìjíríà ti ọdún 2022 kò jẹ́ kí a gba ẹ̀tọ́ yìí pátápátá lọ́wọ́ ayàwòrán láìsí ìwé àdéhùn. Nítorí náà, kí ayàwòrán Ìjerò tàbí agbẹ́gilére Ẹ̀fọ̀n Alààyè fara balẹ̀ ka ìwé kí ó tó fọwọ́ sí i. Ohun tí kò sí nínú ìwé ni ó máa ń dá ìjà sílẹ̀ lẹ́yìn ọ̀la.